Kí Lẹ Kà Kí Ẹ Tó Ní Ara Ti Yá?

Ibì kan wà ní ìparí fáìlì ọsibítù tí gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn ń já sí. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìṣègùn ń pè é ní outcome. Ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ kì í ju mẹ́rin lọ: wọ́n ní kó máa lọ ilé, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn, ó kú, tàbí DAMA. Ẹni tó bá ti dá aláìsàn jókòó rí nílẹ̀ yìí mọ DAMA. Dọ́kítà ní ara kò tíì yá, ẹbí ní àwọn ń lọ ná, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé ohunkóhun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwọn ló fọwọ́ ara wọn fà á.

Mo ṣiṣẹ́ nínú yàrá fáìlì rí, ní ọsibítù kan nílẹ̀ Ekiti tí n kò ní dárúkọ. Dọ́kítà kan tó ń múra àtidi consultant ló gbà mí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ dé ipò yẹn ní láti ṣe ìwádìí, kó kọ ọ́ jọ, kó sì lọ fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn àgbà iṣẹ́. Tirẹ̀ dá lórí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí òyìnbó ń pè ní sickle cell: báwo ló ṣe le tó lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wọn, irú ìtọ́jú wo ni wọ́n rí gbà, ibo sì ni ọ̀rọ̀ wọn já sí. Èmi ni mò ń wá fáìlì jáde, èmi náà ni mò ń tẹ ohun tó wà nínú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ orí, ọkùnrin àbí obìnrin, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀) ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, báàgì ẹ̀jẹ̀ mélòó ló gbà, ọjọ́ mélòó ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, àti ọ̀rọ̀ ìparí yẹn. Owó ni mo bá lọ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ní SS, jẹnotáìpù àrùn yìí, mo sì fẹ́ mọ ojú tí ìwé fi ń wo irú wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé aláìsàn kan lè ní fáìlì méjì tàbí mẹ́ta. Káàdì sọnù, wọ́n bá ṣí tuntun fún un. Lọ́tẹ̀ yìí orúkọ bàbá ló gbẹ̀yìn, lọ́tẹ̀ míì ó ti lọ sílé ọkọ, orúkọ ti yí padà. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni wọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún. Obìnrin kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ìyà náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí àìsàn tó le ṣe ń di àìsàn fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìwé nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Ìkejì ni DAMA. Ọ̀gá mi ní, “Àwọn DAMA yẹn, yọ wọ́n kúrò. A ò mọ ibi tí tiwọn já sí.” Ìlànà kan kúkú ni, ọ̀pọ̀ olùwádìí ló ń lò ó, kò sì sí àrékérekè nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ṣa iṣu tó jẹrà kúrò nínú àká tán, tó wá ní iṣu ọdún yìí dára. Fáìlì kan wà tí mo gbé dání títí. Ọmọdé ni, PCV rẹ̀ 13. Dọ́kítà kọ ẹ̀jẹ̀ fún un. N kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀jẹ̀ náà dé. Lójú ewé tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé bàbá ọmọ ní òun ń lọ wá owó, pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa gbé ọmọ lọ. Bàbá náà kò mọ̀wé, àtàǹpàkò rẹ̀ ló tẹ̀, yíǹkì náà sì ti tàn kálẹ̀ títí ó fi bo déètì. Mo yọ ọ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Nínú àtẹ tó jáde nígbẹ̀yìn, ìpín àwọn tó lọ ilé ní àlàáfíà pọ̀ ju ìpín tí mo fi ojú mi rí nínú fáìlì lọ.

Dọ́kítà àgbà kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, bí ẹbí kan bá ti fẹ́ fọwọ́ sí DAMA báyìí, òwe kan náà ló máa ń pa: à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn jẹ̀. Òwe náà bá a mu lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ kì í san owó bẹ́ẹ̀dì.

Kí n padà sórí bí àìsàn ṣe ń le sí. Ní agboolé wa, ènìyàn méjì ló ní SS: ẹ̀gbọ́n mi, àti ọmọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa bí. Bùọ̀dá yẹn ti lé ní ogójì ọdún, ó ń wa ọkọ̀ láti Ado lọ sí Ìkéré, ó sì lè lo odidi ọdún kí ó má rí ojú dọ́kítà. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti ń mú báyìí, tí kùrukùru bo orí òkè, gbogbo wa á máa wo ojú rẹ̀. Jẹnotáìpù kan náà ni wọ́n ní. Àwọn ìyá wa máa ń ní ẹlẹ́dàá ló yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí nǹkan kan dì mú nínú ìyàtọ̀ náà: irú hemoglobin kan wà tí ọmọ ń lò nínú oyún, tó máa ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan tí wọ́n bá ti bí i. Lára àwọn kan kì í tán bọ̀rọ̀. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni kì í fi í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ kọdọrọ kó dí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi máa ń rọjú díẹ̀ lára àwọn ará ìlà-oòrùn Saudi Arabia àti apá kan ilẹ̀ India, ju ara tiwa níbí lọ. Àwọn tó ní SC, jẹnotáìpù mìíràn tí àrùn yìí ní, náà wà, tí gbogbo ayé ń sọ fún pé tiwọn kò le. Lóòótọ́ PCV wọn máa ń dára ju ti SS, ṣùgbọ́n nínú ojú, àrùn náà máa ń bà wọ́n jẹ́ ju bó ṣe ń ba àwọn SS jẹ́ lọ. Ta ló wá le lára rẹ̀ jù? Ó kù sí ohun tí ẹ bá kà.

Ní Iléṣà tó múlé tì wá, àwọn dókítà ọmọdé méjì, Adegoke àti Kuti, gbìyànjú ní 2013 láti fi máàkì díwọ̀n bó ṣe le tó lára àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ka iye ìgbà tí ìrora gbé ọmọ dé láàárín ọdún kan, iye ìgbà tó gba ẹ̀jẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n wo ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ funfun, wọ́n sì tún fi àwọn wàhálà ńlá tó ti bá ọmọ náà rí láyé rẹ̀ kún un. Mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé kò fi ojú kan ṣoṣo wo ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: mẹ́ta àkọ́kọ́ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ọsibítù kí ó tó wọ inú ìwé.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 1991, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí Orah Platt ṣíwájú wọn, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìrora àrùn yìí lára ènìyàn tó lé ní 3,500. Nínú àwọn tó ní SS, nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní ìrora kankan tó gbé wọn dé ọsibítù ní gbogbo àsìkò náà. Ní ìdàkejì, àwọn kéréje kan, bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ni ìdá mẹ́ta gbogbo ìrora tí wọ́n kà. Wọ́n tún rí i pé nínú àwọn àgbàlagbà, ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀ ni ikú ń tètè mú. Iṣẹ́ ńlá ni, òun sì la mọ̀ títí ọdún fi gun orí ọdún.

Ìgbà tó di 2008, ní Virginia, Wally Smith àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe ohun tó rọrùn. Wọ́n fún aláìsàn 232 ní ìwé, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ìrora wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí oṣù mẹ́fà, yálà wọ́n lọ sí ọsibítù tàbí wọn kò lọ. Ìrora wà ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ, 54.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà nítorí rẹ̀ kò ju 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọjọ́ kankan tí ara kò ro wọ́n.

Mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, “Ṣé ó dìgbà tí òyìnbó bá kọ ọ́ kí ẹ tó mọ̀?”

Ẹ jẹ́ n sọ bí ó ṣe ń ṣe é. Bí egungun itan bá bẹ̀rẹ̀, a kọ́kọ́ mu omi, omi púpọ̀. A lo parasítámọ́ọ̀. A fi aṣọ tí a ti tẹ̀ sínú omi gbígbóná lé e. A wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, a sì káwọ́ mọ́ orúnkún lórí ẹní. Tó bá di pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni a ó tó wá okadà tàbí ọkọ̀. Kò fẹ́ lọ. Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á nínú jẹ́ jù ni pé nọ́ọ̀sì kan á wò ó lójú, á ní, “Ìwọ náà tún dé, abẹ́rẹ́ yìí ti mọ́ ọ lára.” Ó mọ̀ pé kí wọ́n tó gbà pé ìrora òun jẹ́ òtítọ́, òun gbọ́dọ̀ ké. Bó bá sì ké jù, wọ́n á ní ó ń ṣe àṣejù. Ìrora tó gba ilé kọjá kò sí nínú fáìlì kankan.

Ẹ wá fi ọ̀nà kún un. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀mùò tàbí ní Ẹfọ̀n, tó bá fẹ́ dé ọsibítù ńlá ní Ado tàbí Ìdó, yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dé, ó ti pẹ́, PCV ti wálẹ̀ pátá, ìwé á ní àìsàn rẹ̀ le. Bí kò bá wá, ìwé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọsibítù á wá nígbà mẹ́ta, ìwé á ní tirẹ̀ ń ṣe lemọ́lemọ́. Ọ̀nà àti àpò owó ti wọ inú ohun tí a pè ní ìle àìsàn, a ò sì ní ìlà kankan fún wọn nínú fọ́ọ̀mù. Àwọn tí wọ́n kú ní ìkókó kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí wọ́n sin sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń pè ní àbíkú, àwọn yẹn kò tilẹ̀ ní fáìlì rárá. Àwọn tó là á já ni gbogbo wa ń kà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìwádìí. Ìwádìí ló mú hydroxyurea, oògùn àrùn yìí, wá. Wọ́n gba àgbàlagbà 299 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn tí ìrora ń gbé dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Wọ́n pín wọn sí méjì bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ kèké, apá kan ń lo oògùn náà, apá kejì ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dọ́kítà tó ń wò ó kò mọ̀. Ohun tí wọ́n kà ni ìrora. Èsì jáde ní 1995: ìdajì àwọn tó wà nínú apá oògùn kò ju ìgbà 2.5 lọ lọ́dún, ti àwọn yòókù jẹ́ 4.5. Ó hàn gedegbe débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó pé àsìkò. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún tẹ èsì mìíràn jáde lórí àwọn ènìyàn kan náà: àwọn tó lo oògùn náà kò kú tó àwọn tí kò lò ó.

Ó wá pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò dáadáa lórí ọmọ Áfíríkà níbi tí ibà wà. Èsì ìwádìí REACH, tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 606 ní Angola, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Uganda, jáde ní 2019. Ìrora dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ibà pàápàá dín kù. Tiwa náà wà: ní Kánò àti Kàdúná, àwọn dókítà Nàìjíríà lo oògùn náà fún ọmọ 220 tí ẹ̀rọ ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré jù nínú ọpọlọ wọn, tí rọpárọsẹ̀ sì lè kọ lù wọ́n. Èsì jáde ní 2022. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ̀n oògùn tó pọ̀ yóò dènà rọpárọsẹ̀ ju ìwọ̀n kékeré lọ. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tó dájú. Fún òbí tó ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn, ìròyìn ńlá ni, kódà bí kò sí rédíò kankan tó gbé e.

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti voxelotor, oògùn àrùn yìí mìíràn, tí wọ́n máa ń tà tẹ́lẹ̀ lórúkọ Oxbryta. Ní 2019, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i nítorí pé ó ń gbé hemoglobin sókè. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ìdajì àwọn tó lo ìwọ̀n tó pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sókè kọjá ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀. Ti ìrora ńkọ́? Kò dín kù lọ́nà tó dájú. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè, ìyókù á tẹ̀ lé e, wọ́n sì ní kí ilé iṣẹ́ náà máa bá ìwádìí lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí náà gba àwọn ọmọdé tí rọpárọsẹ̀ ń wu léwu, ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ kú ní apá àwọn tó ń lo oògùn, méjì kú ní apá kejì. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ni ín, kó oògùn náà kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, wọ́n ní oore rẹ̀ kò borí ewu rẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà gòkè, ènìyàn kò gòkè. Mo sì rántí bí a ṣe máa ń yọ̀ ní wọ́ọ̀dù bí dọ́kítà bá ní, “Mọ́mì, PCV ti di 24 o.” Ìyá á dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run níbẹ̀. Èmi náà ti yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ló yẹ kí a bi àwọn tó ń ta àgbo lójú pópó, tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀ ní ọjà Ọba ní Ado. Wọ́n á ní ẹnì kan lò ó, ó sì yá. Kí lẹ kà? Ìgbà wo lẹ kà á dé? Àwọn tó lò ó tí kò yá, ibo ni wọ́n wà? Kì í ṣe pé ewé wa kò lè ṣe é. Ní 1971, Sofowora àti ẹnì kejì rẹ̀ fi hàn pé omi gbòǹgbò orin àtà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò. Ìwádìí kò sì parí sínú ìgò nìkan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Abuja, NIPRD, gba ìmọ̀ lọ́wọ́ Reverend P. O. Ogunyale. Ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà níbẹ̀, ohun tí ìyá ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Wọ́n pè é ní Niprisan, wọ́n sì dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán oògùn òyìnbó wò, pẹ̀lú èyí tí kò ní nǹkan nínú. Ìrora dín kù lára àwọn tó lò ó. NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006, ilé iṣẹ́ Xechem sì ń ṣe é lórúkọ Nicosan. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè, oògùn náà sì wọ́n bí ojú. Ikú tó pa oògùn yẹn, kì í ṣe àìṣiṣẹ́ rẹ̀ ló fà á.

Nígbà tí iṣẹ́ wa ń parí lọ, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe ìwádìí yìí, kí ni òun ìbá kà. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà Ìyìn. Kò rò ó rárá. “Iye ọjọ́ tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù.” Ó ní oníbàárà tó bá ti wá lẹ́ẹ̀mejì tó bá ilẹ̀kùn ní títì kì í padà wá mọ́, pé gbogbo PCV ayé kò lè bá òun gba aṣọ ìgbéyàwó tó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ti lu fọ́ọ̀mù wa lóǹtẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ìlà kan péré kún un, a ní láti tún ìwé kọ, kí a tún dúró dè wọ́n, ọjọ́ tó máa lọ gbèjà iṣẹ́ náà sì ti dé tán. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti di consultant báyìí. Ní kíléńìkì rẹ̀, ó máa ń bi wọ́n pé, “Láti ìgbà tí ẹ ti wá kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni ẹ ò lè ṣiṣẹ́?” Etí ìwé ló ń kọ ọ́ sí, torí pé kò sí ojú rẹ̀ nínú fáìlì. Nọ́ńbà lásán ni, 6, 11, 9. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ ohun tó jẹ́ sí iwájú rẹ̀, kí ẹni tó bá tún wá tẹ fáìlì wọ̀nyẹn sórí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tó ń kà. Ó ní èrò ti ń pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà, òun ń gbàgbé.